Royce Hambrick Di Ẹbí

Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó mọ Nelda Burdette, tó ń dáná fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní àrọko Alabama, á sọ fún yín pé obìnrin náà kì í gba ìgbàkugbà. Àmọ́ àléébù kan wà lára rẹ̀: ẹ ṣáà ti pè é ní ẹbí, ó tán. Ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ lè máa gbé e lọ.

Lọ́dún tí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, Màmá Ottie, kọ iṣẹ́, kẹ̀kẹ́ aláìsàn kò gba ẹnu ọ̀nà ilé wọn wọlé, ni màmá bá di èrò ilé àwọn arúgbó. Nelda búra pé màmá á ti padà sílé kí èso igi pékàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn tó já bọ́ nígbà ìwọ́wé. Ilé alágbèéká tuntun, irú èyí tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ńlá wọ́ wá lódindi, ló kù kó rà, báǹkì sì ti sọ pé àádọ́rin ẹgbẹ̀rún dọ́là làwọn máa yá a, kò ní lé kọ́bọ̀.

"Má jẹ́ kí ẹni tó ń ta ilé mọ̀ pé ilé wù ẹ́ o," àbúrò rẹ̀ Clell kìlọ̀ fún un. "Dijú mọ́rí."

Ni Nelda bá gbé màmá sínú mọ́tò, ó dijú mọ́rí dé ọgbà tí Royce Hambrick ti ń ta ilé. Ilé tò lọ rẹrẹ, kò sí èyí tí wọ́n kọ iye sí lára. Ojú oníbàárà ni Royce ti máa ń ka iye tirẹ̀.

Wọ́n ti kẹ̀kẹ́ màmá wọ ilé kẹta, kò kan ẹnu ọ̀nà rárá. Màmá bá pariwo: "Ibi tí bẹ́ẹ̀dì mi máa wà rèé!"

Ìmọ̀ràn Clell bá omi lọ. Royce bu tíì oníyìnyín fún wọn, ó ní, "Mà, ọmọ ta ni yín ládùúgbò yìí?" Níbẹ̀, wọn kì í rajà láìkọ́kọ́ béèrè ìyẹn.

"Ọmọ Scoggins ni màmá mi," Nelda dáhùn.

"Scoggins kẹ̀! Verna tó bí ìyá mi, Scoggins ni! Áà, ẹ̀gbọ́n mi!" Ó dì mọ́ ọn. "Iye ẹbí ni màá gbà: márùndínláàádọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún. Àtẹ̀gùn àti ẹ̀rọ amúlétutù lọ́tọ̀."

Ìyẹn fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ju owó tí báǹkì máa yá Nelda lọ. Àmọ́ báwo lèèyàn ṣe ń ná ọjà mọ́ ẹbí lọ́wọ́? Kàkà kó ní kó dín in kù, ó ń dúpẹ́! Ó ti ń rò ó bóyá kí òun ta ọkọ̀ akẹ́rù tí olóògbé ọkọ òun fi sílẹ̀.

"Royce, ọmọ-ọmọ Verna, sún mọ́ mi," ni Màmá Ottie wí. "Gbogbo Scoggins máa ń pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lóṣù Júláì. O máa wá. Màá di ọwọ́ ẹ mú, màá gba makirofóònù, màá ní: 'Royce tiwa rèé, iye tó ta ilé fún wa rèé.' Ilé alágbèéká ni ìdajì wọn ń gbé, ọmọ mi. Wọ́n á fẹ́ gbọ́."

Royce nu òógùn. "Ẹ jẹ́ kí n lọ bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀, mà." Ó wọ ọ́fíìsì tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ àfi fáànù. Nígbà tó jáde, iye ti di àádọ́rin, àtẹ̀gùn, amúlétutù àti ọ̀nà kẹ̀kẹ́ màmá sì wà nínú ẹ̀.

Nínú mọ́tò, Nelda béèrè, "Màmá, Verna wo nìyẹn?"

"Mi ò gbọ́ orúkọ yẹn rí láyé mi."

"Ẹ sì pè é wá síbi ìpàdé ẹbí!"

"Ṣebí òun ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀? Kó gbé sáláàdì ọ̀dùnkún dání, bí ẹbí ṣe máa ń gbé oúnjẹ wá."

Nelda rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí pékàn àkọ́kọ́ máa já lé orí páànù ilé tuntun, màmá ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nínú ilé, ó ń bú u pé ó jí òun.

Nígbà tí Júláì ọdún tó tẹ̀ lé e dé, Royce yọ síbi ìpàdé ẹbí tòun ti abọ́ sáláàdì ńlá kan, ojú ń tì í díẹ̀. Arákùnrin kan béèrè pé ta nìyí.

"Ẹbí wa ni," Nelda dáhùn, ó sì sún àga fún un.