Rísíkátù àti Ọkọ̀ Tí Kò Ní Táyà

Eyín mẹ́fà ló kù sí mi lẹ́nu. Bí irọ́ kan bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà já sínú ẹ̀kọ tí mo máa mu lọ́la. Òótọ́ pọ́ńbélé ni, láti orí dé ìdí.

Rísíkátù kì í ṣe olówó, kì í sì í ṣe ẹni ńlá. Ó kàwé olùkọ́ tán, ó wáṣẹ́ ìjọba títí, kò rí. Ló bá to bẹ́ǹṣì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá rẹ̀ ní Ìlobù, lápá ibi tí wọ́n ń gbà lọ sí Ìfọ́n, ó ní òun á máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ọdún mẹ́rin gbáko ló ṣe kí àwọn ará Ìfọ́n tó gbà láti mú ọmọ wá. Ẹ kúkú mọ bí ìjà ilẹ̀ ṣe rí láàárín ìlú méjèèjì. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mẹ́tàdínlógún ló ní, méje nínú wọn wá láti Ìfọ́n. Obìnrin yẹn kì í yangàn, àmọ́ tó bá ti kan ọmọ méje yẹn, ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Bó ṣe ń kọ́ wọn ló wù mí. Á to bẹ́ǹṣì tẹ̀léra, á ní ọkọ̀ ti dé. Ọmọ tó bá fẹ́ wọlé á sanwó ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ ni owó náà, ọ̀rọ̀ tí ìparí rẹ̀ dún bíi ti èyí tí dẹ́rẹ́bà bá pè.

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀!"

"Ọ̀dẹ̀dẹ̀!"

"Wọlé! Àgbàdo!"

"Ìdodo!"

Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á máa fọwọ́ tẹ ìdodo ara wọn. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n, Rísíkátù á ní kí ẹni tó jókòó tì í yá a ní ọ̀rọ̀ kan. Ọkọ̀ Rísíkátù kì í já ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Èmi Àkànó ló pè pé kí n wá máa wa ọkọ̀ náà. Ta ni ì bá tún pè? Ogójì ọdún ni mo fi wa lọ́rì. Mo ti kírun àárọ̀ ní Kánò rí kí n tó gbéra, tí mo sì bá wọn jẹun ọ̀sán ní Ìlobù. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi níwèé, lára ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sẹ́yìn lọ́rì tó ń lọ níwájú mi ni mo ti kọ́ ọ. Tí mo bá fi ẹnu tẹ fèrè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, gbogbo ewúrẹ́ àdúgbò ló ń sá kúrò ní títì.

Lọ́jọ́rú kan, Rísíkátù wọlé lọ nu imú fún ọmọ kan. Ó ku èmi àtàwọn èrò mi. Ó wá kan Àyànkẹ́mi, ọmọ ọdún márùn-ún, ọmọ Àbọ̀kẹ́ tó ń ránṣọ ní Ìfọ́n.

Mo ní, "Fìlà!"

Ó ń wò mí.

"Fìlà! Ọkọ̀ ń lọ o!"

Ó ti ìka bọ ẹnu. Ibẹ̀ lèmi náà ti sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ. Mo ní, "Ará Ìfọ́n fẹ́ wọkọ̀ Ìlobù láìsanwó? Bọ́ọ́lẹ̀ jàre! Fẹsẹ̀ rìn lọ sílé yín!"

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí. Àyànkẹ́mi gbé báàgì rẹ̀ kọ́ ọrùn, ó bọ́ sílẹ̀ níbi tí a pè ní ilẹ̀kùn, ó sì fọwọ́ pa ilẹ̀kùn tí kò sí níbẹ̀ dé. Mo rí i tó gba ẹ̀gbẹ́ ilé jáde. Mo tẹ fèrè, mo ń wakọ̀ mi lọ.

Rísíkátù jáde, ó kà wọ́n. Ó tún wọn kà.

"Bàbá, Àyànkẹ́mi dà?"

"Bóyá ó lọ tọ̀ ni."

Ó wá a dé ẹ̀yìnkùlé. Mo rí i tó bẹ̀rẹ̀ tó ń yọjú wo inú kànga, síbẹ̀ n kò sọ pé mo rí ọmọ náà tó jáde. Ló bá sáré bọ́ sí títì láìwọ bàtà.

Gàfárù ọlọ́kadà ló rí ọmọ náà lójú ọ̀nà Ìfọ́n, tó ń rìn létí títì. Gàfárù ní kó gun ọ̀kadà, ó kọ̀. Ó ní, "Dẹ́rẹ́bà ní kí n fẹsẹ̀ rìn." Gàfárù bá rọra ń tẹ̀ lé e títí dé ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀.

Rísíkátù ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé ni Àbọ̀kẹ́ já wọlé tọ̀ wá.

"Àǹtí, ọmọ mi nìkan lójú títì! Ṣé torí pé ará Ìfọ́n ni wá?"

Rísíkátù kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, ìyá Àyànkẹ́mi. Ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mi ò ṣọ́ ọ dáadáa."

"Dẹ́rẹ́bà wo ló ń sọ?"

"Eré ni wọ́n ń ṣe. Èmi ni mo kọ́ wọn."

Mo dúró síbẹ̀. Rísíkátù wò mí lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì gbójú kúrò. Ó ti mọ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọmọ Ìfọ́n méjèèje kò wá mọ́. Láràárọ̀ ni Rísíkátù ń nu bẹ́ǹṣì wọn bí ẹni pé wọ́n ń bọ̀. Tó bá rí mi, á kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ṣé ara le?" Ìkúnlẹ̀ yẹn ló ń pa mí. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá rí oorun sùn.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo lọ bá Àbọ̀kẹ́ nídìí máṣìnnì rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, èmi tí mo lè bí i lọ́mọ.

"Háà, bàbá! Ẹ dìde, ẹ má fi èyí ṣépè fún mi!"

"Èmi ni dẹ́rẹ́bà. Èmi ni mo ní kó bọ́ọ́lẹ̀. Mo ní ará Ìfọ́n ni."

Ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí máṣìnnì. "Lọ́jọ́ tí mo wá, níbo lẹ wà?"

"Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rísíkátù."

"Ẹ sì jẹ́ kó kúnlẹ̀ fún mi?"

"Mo jẹ́ kó kúnlẹ̀."

Kò bú mi. Ó wé gèlè rẹ̀, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Ilé àwọn òbí mẹ́fà yòókù ló mú mi lọ, ilé kọ̀ọ̀kan ni mo sì ti sọ ọ́ lẹ́nu ara mi. Ní ilé kẹrin, wọn ò ní kí n jókòó.

Ọmọ márùn-ún padà, Àyànkẹ́mi wà lára wọn. Méjì kò padà títí di òní. Rísíkátù fúnra rẹ̀ ló ń wakọ̀ báyìí, kò sì pè mí mọ́. Mo ń gbọ́ ohùn wọn tí mo bá ń kọjá. Mi ò yà.

Ẹni tó bá rò pé mo bù mọ́ ọn, Àbọ̀kẹ́ aránṣọ wà láàyè ní Ìfọ́n. Ẹ lọ bi í. Òun ló mú mi wọ ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, gbogbo ohun tí mo sọ níbẹ̀ ló gbọ́.