Ife Àlejò

Òórùn búrẹ́dì gbígbóná ni ọmọ mi fi ń dá mi mọ̀ nígbà tó wà ní kékeré, kì í ṣe ojú mi. Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan lọ́nà Mayfair ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Kí wọ́n tó pe ìrun asùbáà ni mo ti ń jáde nílé, nígbà tí mo bá sì fi máa padà dé Mọ̀dákẹ́kẹ́, ọmọ á ti sùn. Ìyá onílé wa, màmá àgbàlagbà kan, ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fún un lóúnjẹ, òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà. Bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí òkè Ọya, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan la sì ń rí i. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n sinmi, mo máa ń dáhùn pé iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Mo rò pé ọgbọ́n ni mò ń sọ.

Mi ò ní purọ́, ìbẹ̀rù ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Nígbà tí ìyẹ̀fun wọ́n, tí ẹ̀rọ kan dákẹ́, tí èkejì náà tún dákẹ́, ńṣe ni mo túbọ̀ ń tètè dé, àfi bíi pé wọn ò ní lé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé. Àwọn àgbà ní igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Mo wò ó títí, ó ṣì gún mi lójú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀gá pè wá jọ sẹ́yìn ààrò. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó fún wa ní búrẹ́dì méjì-méjì, ó ní ká máa lọ sílé.

Oòrùn ṣì mú nígbà tí mo délé. Ọmọ mi ń ṣeré ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wò mí, ó dìde, ó kúnlẹ̀.

“Ẹ káàsán, mà.”

Ó sáré wọlé, ó gbé omi jáde nínú ife tí Ìyá onílé yà sọ́tọ̀ fún àlejò, ó gbé e sórí àwo pẹlẹbẹ, ó tún kúnlẹ̀.

“Ẹ kú ìrìn, mà. Ẹ jókòó, Ìyá ń kírun lọ́wọ́.”

Kì í ṣe pé kò mọ̀ pé èmi ni ìyá rẹ̀, wọ́n ti sọ fún un. Ohun tóun mọ̀ ni pé ẹni tí kì í sí nílé lọ́sàn-án, àlejò ni. Mo gba omi náà, mo mu ún tán. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá onílé jáde, ó rí wa, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ṣé o rí i pé mo bá ọ kọ́ ọmọ rẹ dáadáa?” Nígbà tó rí ojú mi, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. “Wọ́n dá yín dúró, àbí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. “Ó dáa. Jókòó ti ọmọ rẹ.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó tì í. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, mo máa ń sáré yọjú, bóyá ọ̀gá ló ránṣẹ́. Mo ń di irun fún ọmọ náà, ó sì ń dúpẹ́ bí ọmọ tí ará àdúgbò fún ní gúgúrú. Ojoojúmọ́ ló ń gbé omi wá lórí àwo. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀kọ́ ilé lè máa ta èèyàn lójú bí ata.

Títí di ọjọ́ kan tí òùngbẹ ń gbẹ mí, tí mo ní kó bá mi bu omi wá. Ó ń fi iyẹ̀pẹ̀ se ọbẹ̀ nínú agolo, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

“Ẹ lọ bù ú fúnra yín, mò ń dáná.”

“Ta ló ń dáhùn báyẹn?” Ìyá onílé ló ń bèèrè láti inú ilé.

Mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a wí.” Mo lọ bu omi náà fúnra mi. Mi ò tíì mu omi tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọ̀gá ránṣẹ́ pé ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́, kí n máa bọ̀, ṣùgbọ́n pé àkókò iṣẹ́ kò yí padà. Inú mi dùn débi pé lójú ẹsẹ̀ ni mo fọ aṣọ iṣẹ́ mi, mo sì sá a sórí okùn. Ọmọ mi lọ dúró lábẹ́ aṣọ náà, ó ń wò ó. Nígbà tó yá, ó wọlé. Ó gbé ife àlejò jáde lórí àwo rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

“Ẹ gba omi, mà.”

Mi ò lè pera mi ní onígboyà. Ẹ̀rù àìríṣẹ́ ń bà mí, ẹ̀rù ife yẹn ló wá bà mí jù. Mo ká aṣọ náà kó tó gbẹ, mo sì ránṣẹ́ sí ọ̀gá pé mi ò bọ̀ mọ́. Ìyá onílé fún mi láyè níwájú ilé rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí din pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù tà fáwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ọdún kan wà tó le gan-an. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó kọ iṣẹ́.

Ìyá onílé ti ṣaláìsí báyìí, àmọ́ ife náà àti àwo rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ọmọ mi ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú mìíràn. Bó bá dé fún ìsinmi, kí n tó mọ̀, mo ti dìde, mo ti gbé omi wá nínú ife náà lórí àwo rẹ̀. Lọ́jọ́ tó dé kẹ́yìn, ó wo ife, ó wò mí.

“Mọ́mì, èwo ni ti àwo? Ṣé àlejò ni mí ni?”

Mo dá omi náà padà sínú àmù. Kí n tó yíjú, ó ti wọ ilé ìdáná, ó ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀ mi láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.