Ìdí Tí Píkáàpù Fi Ń Lọ́ra Lórí Òkè

Àṣìṣe kan tí ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Farabalẹ̀ ṣe nígbà kan kò ju èyí lọ: ó gbé ìdérí ẹnu táńkì epo lé orí ilé ọkọ̀, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Mẹkáníìkì ni. Kò sí mẹkáníìkì tí kò ṣe irú rẹ̀ rí, èyí tó bá sì ní òun kò ṣe é rí, ẹ bi í pé sípánà onímẹ́wàá rẹ̀ tó sọ nù dà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ni ọkọ̀ náà, píkáàpù àtijọ́ kan tó fi ń kó pákó láti ilé ìlagi lọ sọ́dọ̀ àwọn káfíńtà. Ẹ̀gbọ́n wa ọkọ̀ lọ, ìdérí jábọ́ sójú ọ̀nà, nígbà tó di ọ̀sán ó padà wá, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Farabalẹ̀, o ti sọ ọkọ̀ mi di ìgò tí kò lọ́mọrí."

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí n wá nǹkan dí i."

Ohun tí gbogbo mẹkáníìkì fi ń dí ẹnu táńkì lòun náà fi dí i. Ó mú náílọ́ọ̀nù dúdú kan, irú èyí tí wọ́n fi ń di ọjà fún ènìyàn, ó ṣẹ́ ẹ po, ó bò ó mọ́ ẹnu ibẹ̀, ó sì fi okùn rọ́bà tó gé lára túùbù táyà so ó yíká. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó rí ìdérí mìíràn lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ àlòkù, ó sì fi dé e. Bí ènìyàn bá ń ka àṣìṣe, kò yẹ kí ó ka ìyẹn mọ́ ọn rárá.

Kì í ṣe torí pé ó lọ́ra ni wọ́n ṣe ń pè é ní Farabalẹ̀. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ ìtàn náà dáadáa. Ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà tó bá ń kánjú ló di orúkọ mọ́ ọn lórí. Ìdí iṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn ògiri kan tí wọn kò rẹ́: òrùlé páánù lórí òpó mẹ́rin, ilẹ̀ tí epo ti sọ di dúdú débi pé omi òjò kì í wọ inú rẹ̀, àti ìjókòó ọkọ̀ kan tí wọ́n yọ láti fi ṣe bẹ́ńṣì. Abẹ́ òrùlé kan náà ni òun àti Rẹwáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ti ń ṣiṣẹ́. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, Farabalẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sì fi í lélẹ̀: ẹni tó bá tún ọkọ̀ ṣe ni yóò kọ́kọ́ jókòó nínú rẹ̀ gun òkè, kí olówó rẹ̀ tó mú un lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tó dé ìdérí kejì yẹn, ẹ̀gbọ́n kú. Píkáàpù dúró sáàárín oríta tó wà lórí òkè, lọ́rì kan sì gbá a níhà ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí. Ẹni tó wa lọ́rì sọ pé òun rí ọkùnrin náà kedere, pé ó tẹrí ba, kò wòkè. Láti ìgbà náà ni àwọn ará ilé ìlagi ti ń sọ pé oorun ló gbé e lọ. Wọn kò sọ ọ́ tìkàtìkà. Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. Ìyàwó olóògbé gbọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin gbọ́. Farabalẹ̀ náà gbọ́.

Kò sunkún. Àwọn kan ní ó sunkún níbi ìsìnkú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òógùn ni wọ́n rí tó ń nù. Ní ọjọ́ kẹrin ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó tú ẹ́ńjìnnì kan, ó sì tò ó padà láìṣì. Láti ọjọ́ yẹn, orí ìdúró ló ti ń jẹun. Bí ìyàwó rẹ̀ bá bi í pé ṣé iyọ̀ tó, á ní ó tó, bí obìnrin náà tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ má fi iyọ̀ sí i. Nígbà tó di bí oṣù kọkànlá, ó gbé ọwọ́ lé ọ̀pá èéfín ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó fi í síbẹ̀.

"Ọ̀rẹ́," ni Rẹwáyà wí, "ọwọ́ rẹ ń jóná."

"Mo rí i," ló dáhùn, ó sì wá gbé e kúrò.

Oṣù mẹ́sàn-án ni píkáàpù fi wà lẹ́yìn ilé olóògbé. Ẹnì kan bá wọn na ara ọkọ̀ náà tó ti wó, wọ́n fi ilẹ̀kùn funfun kan sí ara ọkọ̀ aláwọ̀ ojú ọ̀run, ọmọbìnrin olóògbé sì gba kọ́kọ́rọ́. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Àwọn ará ilé ìlagi kọ́kọ́ fi ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ń pè é ní Dẹ́rẹ́bà. Nígbà tó ti kó pákó fún oṣù méjì láìfọ́ ọ̀kan, ẹ̀fẹ̀ tán, orúkọ kù.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ló wà á dé.

"Bàbá Kékeré, ẹ káàárọ̀."

"Káàárọ̀, Dẹ́rẹ́bà. Pákó dà?"

"Pákó wà nísàlẹ̀ òkè. Ọkọ̀ yìí ló láàárẹ̀, kò fẹ́ ṣiṣẹ́ mọ́."

"Má sọ ohun tó fẹ́ fún mi. Sọ ohun tó ṣe."

Ọmọ náà ronú díẹ̀. "Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kò sí wàhálà. Tí mo bá ti wà á tó ogún ìṣẹ́jú, tí mo wá dé òkè tòun ti ẹrù, tí mo tẹná, kò ní fà. Á máa ṣe bí ẹni tó fẹ́ sín tí kò rí i sín. Á gbọ̀n, á gbọ̀n, á kú. Tí mo bá dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, á jí, á máa lọ bí ẹni pé òun kọ́."

"Ibo ló kú sí?"

"Ó ku díẹ̀ kí n dé oríta." Kò wo ojú rẹ̀. "Mọ́mì ní tó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn onírin la máa tà á fún. Ẹ bá mi wá ìdí ẹ̀, Bàbá Kékeré. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tún sọ pé èmi náà sùn."

Farabalẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó wo orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: wọ́n gbẹ, àwọ̀ wọn sì dára. Bí ó ti mú ìkẹrin lọ́wọ́, ó rántí pé òun ti yọ wọn rí nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ikú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n wá sọ pé ọkọ̀ ń lọ́ra lórí òkè. Farabalẹ̀ pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì fún un, ó sì ní kí àwọn jọ wà á lọ wò. Ẹ̀gbọ́n ní pákó ń dúró de òun. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí òfin òkè kò ṣiṣẹ́ nìyẹn. Farabalẹ̀ kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Ó dá púlọ́ọ̀gì padà sáyè wọn.

"Iná ni," ni Rẹwáyà wí láti orí bẹ́ńṣì. "Kọ́ìlì tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná ló ń gbóná. Tó bá gbóná, á sùn. Tó bá tutù, á jí."

"Lọ́dọ̀ tìẹ, kí ni kì í ṣe iná? Inú rírun ìyàwó rẹ lọ́jọ́sí, o ní iná ni."

"Ṣé kò lọ nígbà tí iná dé?"

Wọ́n pààrọ̀ kọ́ìlì. Farabalẹ̀ di àpò iyanrìn méjìlá sẹ́yìn ọkọ̀, ó wà á fún ogún ìṣẹ́jú, ó wá kọjú sí òkè. Nígbà tó dé ìdajì, ó tẹná, ẹ́ńjìnnì sì mí sínú, kò mí síta. Ó gbọ̀n, ó kú. Rẹwáyà, tó jókòó ti Farabalẹ̀, wo ìta ojú fèrèsé.

"Kì í ṣe iná," ló wí.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ó ṣí kábúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, ó fọ̀ ọ́. Ó pààrọ̀ asẹ́ epo. Ó tú ọ̀pá epo lẹ́nu pọ́ǹpù, ó ki ẹnu rẹ̀ bọ inú ìgò, pọ́ǹpù sì ń tú epo síta bó ti yẹ. Ẹlòmíràn ìbá ní ọkọ̀ ti sàn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró kò tíì jẹ́rìí sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí òkè. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti ń ṣì í. Ó tún di iyanrìn, ó tún gun òkè. Ọkọ̀ tún kú. Lọ́tẹ̀ yìí kò dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tú ọ̀pá tó ń bọ̀ láti inú táńkì, ó gbé e sẹ́nu, ó fẹ́ ẹ padà sẹ́yìn. Ó kọ́kọ́ le, bí ìgbà tí ènìyàn fẹ́ inú ìgò tí wọ́n dí. Lẹ́yìn náà ohun kan yẹ̀, ó sì gbọ́ tí afẹ́fẹ́ ń hó nínú epo. Ó so ọ̀pá padà, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ jí lójú ẹsẹ̀.

"Nǹkan kan wà nínú táńkì," ló sọ. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀.

Ní Ọjọ́rú wọ́n fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n sọ táńkì kalẹ̀, wọ́n da epo rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì. Farabalẹ̀ tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Ó tẹ wáyà kan, ó ki í bọ̀ ọ́, ó ń wá a bí ẹni ń wá garawa tó já sínú kànga. Nígbà kẹta, wáyà kọ́ nǹkan. Ohun náà dúdú, ó rọ̀, epo ń kán lára rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀: náílọ́ọ̀nù ni, etí rẹ̀ kan ti ya.

Rẹwáyà ní, "Ó máa ń léfòó nínú epo. Tí ẹ́ńjìnnì bá fà gidi, á wá lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀pá. Tí ẹ́ńjìnnì bá kú, á yẹ̀ kúrò. Ta ló ju irú nǹkan yìí sínú táńkì?"

Farabalẹ̀ mọ̀. Lọ́jọ́ tó mú ìdérí kejì dé, kò bá náílọ́ọ̀nù lẹ́nu táńkì mọ́. Okùn rọ́bà nìkan ló bá, pẹ̀lú èérún náílọ́ọ̀nù kan tó há sábẹ́ rẹ̀. Ó rò pé ẹ̀gbọ́n ti já a sọ nù, tàbí pé atẹ́gùn gbé e. Ó gé okùn náà, ó dé ìdérí, ó lọ jẹun. Kò bèèrè. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni: náílọ́ọ̀nù dà?

Ó sọ èyí fún Rẹwáyà bí ẹni ń ka àkọsílẹ̀. Rẹwáyà wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ń gbọ́.

"Jù ú sínú iná," ló wí níkẹyìn. "Sọ fún ọmọ náà pé ìpẹtà ni. Táńkì àtijọ́, ta ni kò ní gbà? Má sì wulẹ̀ pa òwe irọ́ tó ti lọ fún ogún ọdún fún mi. Tìẹ kò tíì pé ọdún kan."

"Wọ́n ní ó tẹrí ba," ni Farabalẹ̀ wí.

"Àbí?"

"Ibo ni kọ́kọ́rọ́ wà nínú ọkọ̀ yẹn?"

Rẹwáyà wo inú ọkọ̀. Nísàlẹ̀ sítíárìn ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún. Ẹni tó bá fẹ́ yí i gbọ́dọ̀ tẹrí ba.

Farabalẹ̀ fọ táńkì, ó gbé e padà sábẹ́ ọkọ̀, ó da epo sí i. Ó sá náílọ́ọ̀nù sórí ìṣó tó máa ń gbé bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì kọ́, kò sì jù ú síná.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, Dẹ́rẹ́bà dé. Farabalẹ̀ mú náílọ́ọ̀nù, ó fi lé e lọ́wọ́, ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ìdérí dé orí okùn rọ́bà, títí kan púlọ́ọ̀gì àti òkè tí wọn kò gùn. Kò fi ẹ̀bẹ̀ kún un.

Ọmọ náà yí náílọ́ọ̀nù síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ẹ̀yin lẹ so ó mọ́bẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ẹ wá rí i pé kò sí níbẹ̀ mọ́."

"Mo rí i."

"Ẹ ò bi bàbá mi."

"Mi ò bi wọ́n."

Rẹwáyà ń wá nǹkan kan nínú àpótí rẹ̀, nǹkan tí kò sí níbẹ̀.

"Nítorí náà bàbá mi ò sùn."

"Wọn ò sùn. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń yí."

Dẹ́rẹ́bà ká náílọ́ọ̀nù, ó fi í sápò. "Mọ́mì ló máa kọ́kọ́ rí i. Lẹ́yìn náà, àwọn ará ilé ìlagi, kí ẹnu wọn lè sinmi." Ó ṣí ilẹ̀kùn funfun, ó jókòó, kò sì tíì tan ọkọ̀. Ó na ọwọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn kejì láti inú. "Ẹ wọlé, Bàbá Kékeré."

"Ọkọ̀ ti dára. Mo ti wà á gòkè lálẹ́ àná, mo..."

"Mo gbọ́. Ẹ ṣì wọlé. Tó bá máa kú ní oríta, ẹ ó wà níbẹ̀."

Farabalẹ̀ nu ọwọ́, ó wọlé. Wọ́n gun òkè, ọkọ̀ kò lọ́ra. Ní oríta, ọmọ náà dúró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tún wo ọ̀tún, ó wá kọjá. Farabalẹ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Ní òdìkejì oríta ni ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ibi tí ọ̀pá èéfín ti jó o ní bí ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn. Ó wò ó. Ó ti lé róró.

Ìyàwó olóògbé kò tíì bá Farabalẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó gba náílọ́ọ̀nù náà, ó fọ̀ ọ́, ó sì kó o sínú àpótí aṣọ ọkọ rẹ̀. Ìyẹn nìkan ni wọ́n mọ̀. Píkáàpù kò tíì lọ sọ́dọ̀ àwọn onírin. Ní ilé ìlagi, wọn kò sọ ọ̀rọ̀ oorun mọ́. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Dẹ́rẹ́bà ń yà ní ìdí iṣẹ́ mẹkáníìkì, á fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ní sọ̀ kalẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, Farabalẹ̀ wà ní ìjókòó iwájú píkáàpù náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dẹ́rẹ́bà, ní ojú ọ̀nà tó lọ sí ilé ìlagi.