Ohun Tó Ń Pa Abẹ́rẹ́ Lẹ́rìn-ín

Rárá o, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Abẹ́rẹ́ ò ya wèrè rí láyé ẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹ̀rín máa ń dún nínú yàrá ẹ̀ lọ́sàn-án Sọ́ńdè. Òótọ́ sì ni pé ó máa ń ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú bàsíà omi gbígbóná, tí yóò fẹ̀yìn tì bí ìyàwó ọba. Ṣùgbọ́n wèrè kọ́ nìyẹn. Ẹ̀san ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó bá pàdé ọ̀rọ̀ yìí láàárín ọ̀nà, aláre ló máa gbé ẹ̀bi fún.

Obìnrin náà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu ẹ̀ mú, aránṣọ sì ni. Kí ni wọn ì bá tún máa pè é bí kò ṣe Abẹ́rẹ́? Yàrá kan ló ń gbé, lẹ́yìn ilé alájà méjì kan. Fèrèsé yàrá náà kọjú sí ògiri ilé kejì, oòrùn kì í sì í rí ọ̀nà wọlé àfi lọ́sàn-án, nígbà tó bá gba àlàfo tóóró tó wà láàárín ilé méjèèjì, tó wá tẹ́ ara ẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn tẹ́ aṣọ. Ìyá ẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tí ojú ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, tí kò lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́, ó fa ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀ lé ọmọ yìí lọ́wọ́, ẹ̀rọ dúdú kan tí wọ́n máa ń fẹsẹ̀ wà, tó ń dán bíi bàtà tuntun. "Máa fi jẹun," ìyá wí. Ó sì ń fi jẹun.

Wàyí o, Abẹ́rẹ́ ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, ọmọ ìyá, ọmọ bàbá. Àdúgbò ní orúkọ tí wọ́n ń pe òun náà lẹ́yìn: Tèmi-ni. Láti kékeré, bí wọ́n bá pín ẹran, tèmi ni. Bí wọ́n bá pín ibùsùn, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, tèmi ni. Ó fẹ́ ọkọ tó kọ́ ilé sí etí títì, ilé tó ní àtẹ̀gùn, pálọ̀ tó ní kápẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ ojú ẹ̀ ò kúrò lára ohun tó wà nínú yàrá àbúrò ẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fi bo ìyá wọn ò tíì gbẹ tán tó fi kó alábàárù méjì dé.

"Èmi ni àkọ́bí," ó ní. "Ohun tí ìyá bá fi sílẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló yẹ kó wà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti fún mi kí wọ́n tó kú."

"Níṣojú ta?"

Ta ló fẹ́ dáhùn? Ìyá nìkan ló lè jẹ́rìí, ìyá sì ti lọ. Wọ́n gbé ẹ̀rọ jáde. Àga onítìmùtìmù ìyá nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀, torí aṣọ ara ẹ̀ ti ṣá, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan sì ń mì. Ẹ tiẹ̀ mọ ohun tó dun Abẹ́rẹ́ jù? Tèmi-ni ò mọ abẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí ìṣó. Ó gbé ẹ̀rọ sí igun pálọ̀, ó tẹ́ aṣọ funfun lé e, ó gbé ìkòkò òdòdó oníróbà ka orí ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń bọ́ odidi èèyàn ló sọ di tábìlì òdòdó tí ò lóòórùn!

Bí Abẹ́rẹ́ ṣe di ẹni tó ń báni lọ aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ nìyẹn. Àárọ̀, áyọ́ọ̀nù. Ọ̀sán, áyọ́ọ̀nù. Ooru á máa yọ láti ara kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì àwọn ẹni ẹlẹ́ni, á máa sè é lójú. Tó bá délé, ọrùn ọwọ́ ẹ̀ á ti wú, oúnjẹ tó bá sì wà kì í kún ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Tèmi-ni wá sọ Sọ́ńdè di ọjọ́ tó ń wá "kí" i. Á jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, á tẹ́ áńkáṣíìfù sábẹ́ ìdí kí eruku má baà ba aṣọ ẹ̀ jẹ́. "Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. O mà ti rù o! Wo ọwọ́ ẹ, bí ọwọ́ ẹni tó ń fọ́ òkúta. Ṣé o rí i pé ayé ò rọrùn?" Sọ́ńdè àkọ́kọ́, Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀rọ, ó sunkún títí imú ẹ̀ fi dí. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn: "Má sunkún mọ́, má sunkún mọ́." Kò dá ẹ̀rọ padà.

Onídìrí, ọ̀rẹ́ Abẹ́rẹ́ tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ilé náà, ló rí ojú Tèmi-ni nígbà tó ń jáde. Ó ju kóòmù sílẹ̀, ó wọlé.

"Kí lo fún ẹ̀gbọ́n ẹ jẹ?"

"Èmi? Kí ni mo ní?"

"Ó jẹ nǹkan ni tèmi! Ojú ẹ̀ ń dán, ó ń rìn bí ẹni tó yó. Ọ̀rẹ́ mi, ẹkún ẹ ló jẹ. Á sì padà wá bù sí i."

Abẹ́rẹ́ nu imú. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ju ooru áyọ́ọ̀nù lọ. Kí ló fẹ́ ṣe? Bí àbúrò bá la ẹnu bú ẹ̀gbọ́n, ayé ò ní bèèrè ẹni tó jàre, àbúrò ni wọ́n máa dá lẹ́bi. Ìjà yòówù kó bá Tèmi-ni jà, ó ní láti gba ẹnu ọ̀nà ọ̀wọ̀ kọjá.

"Ó dáa," ó ní. "Ebi ni màá fi pa wọ́n."

Nígbà tí Sọ́ńdè míì pé, ó tètè gbé omi kaná. Ó da iyọ̀ sí i, ó wọ́ àga ìyá sójú oòrùn tó wọlé, ó jókòó, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi. Ó mú ọsàn kan, ó ń bó o pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, èèpo ẹ̀ ò já, ó ń gùn, ó ń lọ́, títí ó fi kan ilẹ̀. Ìgbà tí Tèmi-ni ká kọ́tìnnì sókè, Abẹ́rẹ́ ń fa omi ọsàn mu, ó dijú.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ má bínú o, mi ò lè kúnlẹ̀. Ẹsẹ̀ mi wà nínú ìgbádùn."

"Ìgbádùn wo?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ki ìka yín kan bọ omi yìí, ẹ ó rí i. Háà! Ó ń gun orí mi bọ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀."

Ẹ̀rín ọjọ́ yẹn, eyín lásán ni, kò dé ikùn. Inú Abẹ́rẹ́ ń kùn fún ebi, ọwọ́ ẹ̀ ń ro ó. Ṣùgbọ́n Tèmi-ni ò jókòó pẹ́. Ó jáde bí ẹni tí wọ́n pè síbi oúnjẹ tó bá ìkòkò òfìfo. Onídìrí wá sọ fún Abẹ́rẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ fẹsẹ̀ kọ òkúta lẹ́nu ọ̀nà. Ìròyìn yẹn dùn mọ́ Abẹ́rẹ́ ju ọsàn lọ.

Ló bá di iṣẹ́. Láti ààrin ọ̀sẹ̀, nídìí áyọ́ọ̀nù, ló ti ń ro ohun tó máa fi pàdé ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Sọ́ńdè kan, ìyẹ́ adìẹ ló ki bọ etí, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀ láàárín ìka méjì. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n, àbí? Ibi tó bá dé tí ojú á pa dé fúnra ẹ̀, tí ẹnu á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí èèyàn á gbàgbé orúkọ bàbá ẹ̀! Tèmi-ni ń sọ̀rọ̀, Abẹ́rẹ́ ń dáhùn, "Hẹn-ẹn... hẹn-ẹn, ẹ̀gbọ́n mi... ẹ dúró ná, mo ti débẹ̀." Sọ́ńdè míì, ó gbé orí lé itan Onídìrí, ìyẹn ń fi ìdí kóòmù họ ọ́ lórí, wọ́n ń rántí ọkùnrin kan tó dẹnu kọ Abẹ́rẹ́ níjọ́sí, tó ń wọ ṣòkòtò ìyá ẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn.

Níbi tí ọ̀rọ̀ gbé yí nìyí: ìgbádùn tó ń ṣe ní àṣehàn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn lóòótọ́. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, bí òjò ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó sáré ká bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì lórí okùn, ó tẹ́ ẹ sórí àga, ó ní kóun kàn fi orí lé e. Òórùn aṣọ tó gbẹ lójú oòrùn, ìró òjò lórí páànù, ó sùn lọ. Tèmi-ni dé, ó wúkọ́, ó pè é, ó ń gbọ́ bí àbúrò ẹ̀ ṣe ń hanrun. Ó padà sílé nínú òjò. Àmọ́ ẹ má rò pé Abẹ́rẹ́ ti di ẹni mímọ́ o. Nígbà tó jí tó gbọ́ ọ, ó ní, "Bàtà wọn tuntun ni wọ́n wọ̀ wá?" Onídìrí ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ó tutù?" Ó tutù rinrin. "Ọlọ́run ṣeun."

Oorun Tèmi-ni bá dá. Tálákà kì í rẹ́rìn-ín lásán, ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Kí ni ọmọ yìí ní tóun ò mọ̀? Ló bá rántí ṣéènì góòlù ìyá wọn, tí ẹnikẹ́ni ò rí nígbà tí ìyá kú. Háà! Kí ló dé tó jẹ́ orí àga yẹn nìkan ló máa ń jókòó sí? Ẹ ò rí i, bó bá jẹ́ pé ó wá síbẹ̀ nígbà tí ìyá ń ṣàìsàn ojú ni, á mọ̀ pé ìyá fúnra ẹ̀ ló bọ́ ṣéènì lọ́rùn, tó ní kí Abẹ́rẹ́ tà á láti fi tọ́jú ojú náà. Wọ́n ránṣẹ́ pè é nígbà yẹn. Ó ní òun ní àlejò.

Nígbà tó tún wá, Abẹ́rẹ́ lọ pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ omi àgbàlá. Bó ṣe ń padà bọ̀, ó yọjú láti ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnnì. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ti ki apá bọ ẹ̀gbẹ́ àga dé ìgúnpá, ó ń fọwọ́ wá inú ẹ̀. Abẹ́rẹ́ sún sẹ́yìn, ó rora wúkọ́, ó wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé nǹkan yín sọnù ni?"

"Yẹtí mi ló bọ́."

Yẹtí méjèèjì wà létí ẹ̀, wọ́n ń mì jọ̀ọ̀jọ̀.

Ìgbà yẹn ló yé Abẹ́rẹ́ pé góòlù ìyá ni wọ́n ń wá. Ó jókòó sórí àga, ó fi ọwọ́ ra apá àga náà bí ẹni ra orí ọmọ.

"Àga yìí," ni Tèmi-ni wí, "gbé e fún mi. Ìrántí ìyá ni mo fẹ́."

"Ìrántí ìyá ò sí lọ́dọ̀ yín? Èyí tí ẹ gbé òdòdó kà lórí ńkọ́?"

"Màá dá ẹ̀rọ yẹn padà fún ẹ."

Ohun tí Abẹ́rẹ́ ń wá gan-an nìyẹn. Ó fẹ̀yìn ti àga. "Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo ohun tó kù tí ìyá fi sílẹ̀ fún mi, òun ni mo jókòó lé yìí." Òótọ́ pọ́ńbélé ni, kò fi irọ́ kan lé e. Tèmi-ni wá gbà pé inú àga ni góòlù wà lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn kọjá, Abẹ́rẹ́ kọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún kọ̀, ó ń yí ìyẹ́ létí. Onídìrí fẹ́ kú: "Gbà, ẹni yìí, kó má lọ yí ọkàn padà!" "Jẹ́ kó jinná," ni Abẹ́rẹ́ wí. Ìgbà tí Tèmi-ni bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn jẹ́jẹ́ pè é ní "ààyò ìyá mi" ló tó gbà, ó sì ní lánlọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ dúró tì wọ́n.

"Kí ni lánlọ́ọ̀dù fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

"Kó má baà di 'níṣojú ta', ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀rọ wọlé, àga jáde. Ẹnu àwọn alábàárù la ti gbọ́ ìyókù. Wọn ò tíì sọ àga kalẹ̀ tán nínú pálọ̀ tí Tèmi-ni fi gbé ọ̀bẹ ìdáná. Ó ya aṣọ ara àga, ó fa kóríko gbígbẹ inú ẹ̀ jáde, ó fa wáyà tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ jáde, eruku bo kápẹ́ẹ̀tì, ó bo òdòdó oníróbà. Bọ́tìnnì kan ló rí, àti èèpo ọsàn tó ti gbẹ. Orí èyí ni ọkọ ẹ̀ wọlé bá a pẹ̀lú àwọn èèyàn ibi iṣẹ́ ẹ̀ tó mú wálé. Wọ́n ní ọkùnrin náà kàn ń wò ó ni, àwọn àlejò sì padà látẹnu ọ̀nà.

Kò dúró de Sọ́ńdè. Ọjọ́ kejì ló já wọ yàrá Abẹ́rẹ́, kóríko ṣì wà nínú gèlè ẹ̀. Abẹ́rẹ́ wà nídìí ẹ̀rọ, ó ń rán bùláòsì kan, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń lọ sókè sódò, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Àga ò sí mọ́, ẹ jókòó sórí àpótí yẹn."

"Góòlù ìyá dà?"

"Òun la tà láti fi tọ́jú ojú ìyá. Ọjọ́ tí ẹ ní àlejò yẹn."

Tèmi-ni jókòó gbì. "Kí ló wá ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín látọjọ́ yìí?"

"Omi gbígbóná, ẹ̀gbọ́n mi. Ọsàn. Ìyẹ́ adìẹ. Pẹ̀lú ojú yín, nígbà tí ẹ bá ń wò mí."

Ojú Tèmi-ni wá fà ro, ó bú sẹ́kún, ẹkún gidi tí èjìká ń bá lọ, ó ń pe ìyá, ó ń pe ọkọ ẹ̀. Abẹ́rẹ́ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ kó lè gbọ́ ọ dáadáa.

Onídìrí ti sáré dé láti ìta, kóòmù lọ́wọ́. Àánú ṣe é, ó dúró ti Tèmi-ni, ó gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn. "Ọ̀rẹ́ mi, ó tó. O ti gba ẹ̀rọ ẹ. Dárí jì wọ́n, ẹ̀gbọ́n ẹ ni wọ́n."

Abẹ́rẹ́ mú sísọ́ọ̀sì, ó gé òwú, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wo ẹ̀gbọ́n ẹ̀ láti òkè délẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n lóòótọ́," ó ní. "Bá mi sún àpótí wọn sójú oòrùn díẹ̀. Mi ò rí omijé wọn dáadáa láti ibí."