Arúgbó Olójú Kan Inú Ìwé Ọmọdé

Ìgbà kan wà tí àwọn ọmọdé àdúgbò wa ní Omagba máa ń sá bí wọ́n bá ti gbúròó bàtà mi. Mi ò na ọmọ ẹnikẹ́ni. Mi ò bú ọmọ ẹnikẹ́ni. Obìnrin kan ló ka ìwé fún wọn. Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ èyí ní kí n rọra, pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Mo ní kó máa kọ ọ́ lọ bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ọkọ mi ló mú mi kúrò nílẹ̀ Ọ̀yọ́ wá sí Onitsha, òun ń ṣiṣẹ́ létí odò níbi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí, èmi ń ránṣọ. Wọn ò rán mi nílé ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni wọ́n rán, òun náà sì sá kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ ọmọ mi obìnrin yìí mọ̀wé kà, ó ṣe mí bíi pé èmi gan-an ni mo mọ̀ ọ́n. Bó bá ti ṣí ìwé lórí bẹ́ẹ̀dì mi, màá dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró kí ariwo má baà dí i lọ́wọ́. Ojú òsì mi ti funfun láti ọjọ́ tí àìsàn kan ti bà á jẹ́, ẹ̀yìn mi sì ti tẹ̀ nídìí ẹ̀rọ. Ọmọ yìí ló ń bá mi ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ọ̀dọ̀ mi ló ń sùn nínú ilé bàbá rẹ̀, ọmọ mi ọkùnrin.

Ọjọ́ tó délé tó ní ẹni tó ń kọ ìwé fún ọmọdé ń bọ̀ wá sí ilé ìkàwé, ẹ wo bí mo ṣe ń yọ̀! Mo sọ fún ará ilé, mo sọ fún ará ọ̀nà, mo sọ fún obìnrin tó ń ta ọ̀kpa gbígbóná, oúnjẹ Ìgbò tó jọ mọ́ínmọ́ín, ní ìta wa. Mo rán aṣọ tuntun fún ọmọ náà, mo we gèlè bí ẹni ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Èmi rò pé baba arúgbó kan la fẹ́ lọ rí, torí níbi tí wọ́n ti bí mi, ẹni tó bá ní ìtàn lẹ́nu, irun orí rẹ̀ á ti funfun. Ẹ̀yin ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọmọge kan ló jáde, ó kun ètè, ohùn rẹ̀ sì dùn.

Ó ní, "Story, story!" Àwọn ọmọ ní, "Story!" Èmi náà pariwo rẹ̀, ohùn mi sì borí tiwọn. Ọmọ ọmọ mi ń túmọ̀ rẹ̀ sí mi létí, Yorùbá tó fi Ìgbò lú, èmi sì ń dá ọlọ́rọ̀ lóhùn bí a ṣe ń ṣe nídìí àlọ́: "Hẹ̀n-ẹ́n! Ó wá ṣe báwo?" Ẹni tó ń tọ́jú ilé ìkàwé rìn wá bá mi. "Mama, abeg, here na library. Make you no talk again." Mo panu mọ́. Àlọ́ wo la ń gbọ́ bí ẹni gbọ́ ìwàásù?

Ibẹ̀ ni ọmọge yẹn ti tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ bí arúgbó. Ó di ojú kan, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, ó ń na ìka bí ẹni fẹ́ gbé ọmọ mì. Àwọn ọmọ ké yéè! Ọmọ mi dákẹ́ létí mi. Mo ní, "Kí ló wí?" Àwọn tó wà níwájú kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn, lẹ́yìn náà gbogbo wọn. Wọ́n á wo àwòrán inú ìwé, wọ́n á wò mí.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Mama One-Eye, orúkọ àjẹ́ inú ìwé náà. Ọmọ mi á ki òwú bọ abẹ́rẹ́, á gbé e sí etí tábìlì, á sá lọ. Ó kó lọ sí yàrá ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ yìí, ìyàwó ọmọ mi, bẹ̀rẹ̀ sí í dérí ìkòkò ọbẹ̀ bí mo bá ti yọ ní ìdáná. Obìnrin aládùúrà kan nínú ọgbà wa ní ẹ̀mí ti fi hàn òun pé àjẹ́ wà nílé wa. Ó wá kan ọmọ mi ọkùnrin, èyí tí mo fi ẹ̀yìn tó tẹ̀ yìí pọ̀n. Kò wo ojú mi. Ó ní, "Màmá, ẹ ò ṣe lọ sinmi nílé fúngbà díẹ̀?"

Ilé wo? Àwọn tó mọ̀ mí nílẹ̀ Ọ̀yọ́ ti kú tán! Ìwé pẹlẹbẹ aláwòrán ló fẹ́ lé mi kúrò nílé ọmọ mi. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Mo ti ń di ẹrù nígbà tí mo gbọ́ pé ọmọge yẹn tún ń bọ̀, ó di ilé ìwé ọmọ ọmọ mi gan-an. Ẹnikẹ́ni ò pè mí. Mo lọ. Nígbà tí wọ́n ní ta ló ní ìbéèrè, mo nawọ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń nawọ́. Ọ̀gá ilé ìwé sáré wá: "Nne, biko, nọdụ ala." Jókòó kẹ̀? Mi ò jókòó.

Mo ní, "My pikin, your mama dey?"

"She dey, Mama. She dey village."

"She don old?"

Ó rẹ́rìn-ín. "She don old well-well."

"You don read this book give am?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Mama, na ordinary story. My mama no sabi English."

Ìbínú gbé mi, Yorùbá ló já bọ́ lẹ́nu mi. "Èmi náà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé! Ojú àwọn ọmọ ni mo ti kà á!"

Ó ń wò mí, kò gbọ́ ohun tí mo sọ. Ọmọ ọmọ mi dìde láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní, "Sọ fún un pé nílé wa, ẹni tó ń pàlọ́ ń gbọ́ ìdáhùn. Bó bá purọ́ mọ́ni, a ó dá a dúró." Ó sọ ọ́. Mo ní, "Sọ fún un pé wọ́n fẹ́ lé mi nílé." Ìyẹn ni kò lè sọ. Ẹkún ló bú sí, ó sì sáré wá dì mọ́ mi.

Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí ọmọge náà ṣe? Ó yọ fóònù. "Mama, no vex, come make we snap." Mo kọ ẹ̀yìn sí i.

Ọmọ ọmọ mi padà sórí bẹ́ẹ̀dì mi lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò sì tún dárúkọ ìrìnàjò. Àwọn ènìyàn ní kí n dárí jì í, pé eré ọmọdé ni, pé obìnrin náà ń gba àwọn ọmọ níyànjú láti kàwé. Ohun tó dára ni kí ọmọ kàwé. Èmi tí mi ò kàwé ló yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń ta ìwé yẹn, ó sì ń lọ láti ilé ìwé kan sí òmíràn. Bí mo bá jókòó báyìí, mo máa ń ronú arúgbó kan tí mi ò mọ̀, ní àdúgbò kan tí mi ò dé rí, tí ojú rẹ̀ funfun bíi tèmi, tí ọmọ ọmọ rẹ̀ jókòó síbẹ̀ tí kò dìde gbè é.