Àǹtí Ẹ-Yí-Wọn àti Bàbá Tí Kò Fẹ́ Wo Ìyàwó Rẹ̀

Nọ́ọ̀sì kan wà tó ń tọ́jú aláìsàn láti ilé dé ilé, kò sí ilé tó wọ̀ tí kì í kọ́kọ́ sọ pé, "Ẹ yí wọn." Bó bá bá aláìsàn tí kò lè dá yíra padà lórí bẹ́ẹ̀dì, á ní kí wọ́n yí i sí ọ̀tún, bó bá tún padà wá, á ní òsì ló kàn. Bí àwọn ará àdúgbò ṣe sọ ọ́ ní Àǹtí Ẹ-Yí-Wọn nìyẹn.

Ẹni tó wá jẹ́ kójú rẹ̀ rí màbo ni bàbá kan tó fi gbogbo ìgbà agbára rẹ̀ wa ọkọ̀ akẹ́rù, kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó dá a dùbúlẹ̀. Ojú fèrèsé nìkan ló máa ń kọ sí, egbò sì ti yọ sí ìbàdí rẹ̀ ọ̀tún tó ń fi lélẹ̀. Nọ́ọ̀sì á fi omi iyọ̀ fọ egbò, á fi gọ́ọ̀sì tuntun bò ó, á na aṣọ bẹ́ẹ̀dì kó má ká, á yí bàbá sí òsì. Kó tó dé ilé kejì, bàbá á ti pariwo títí ọmọ rẹ̀ obìnrin á fi dá a padà.

Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì bi ọmọ náà léèrè ohun tí bàbá ń sá fún lápá òsì. Ọmọ náà fẹnu júwe ìyá rẹ̀, tó jókòó sórí àga lápá òsì bẹ́ẹ̀dì, tó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù.

Ọ̀rọ̀ bàtà ló dá ìjà sílẹ̀. Ìyá ti kó bàtà ọkọ rẹ̀ fún àbúrò tirẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ tí kò kanlẹ̀ mọ́, kí ló fẹ́ fi bàtà ṣe. Bàbá ní ṣé òun ti kú ni, tí wọ́n fi ń pín ẹrù òun. Láti ìgbà náà ni wọn ò ti bára wọn sọ̀rọ̀.

"Bàbá," nọ́ọ̀sì wí, "egbò yìí ti ń jinlẹ̀. Ẹ máa bínú lọ, ṣùgbọ́n apá òsì ni kẹ́ ẹ ti máa bínú."

Bàbá gbà, àmọ́ bí wọ́n ṣe yí i tán ló dijú pa.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo mọ̀ pé wọn ò sùn," ìyá wí.

Bàbá ní kí nọ́ọ̀sì bá òun bi í pé bàtà òun ńkọ́. Ìyá ní kó bá òun dáhùn pé bàtà náà fún àbúrò òun lẹ́sẹ̀ débi pé ó ń tiro bí adìẹ tí wọ́n so. Nọ́ọ̀sì dúró láàárín wọn pẹ̀lú báńdéèjì lọ́wọ́, kò mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ jíṣẹ́ fún. Bàbá gbìyànjú láti pa ẹ̀rín mọ́ra, kò ṣeé ṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí bẹ́ẹ̀dì fi ń dún.

"Ó tọ́ sí i," ó wí. "Ṣebí ìwọ lo kó o fún un." Ojú ìyàwó rẹ̀ ló ń wò.

Láti ọjọ́ náà ni egbò ọ̀tún ti ń kún fún ẹran tuntun, etí rẹ̀ ń sún mọ́ra. Inú nọ́ọ̀sì ń dùn, àfi ìgbà tó fẹ́ yí bàbá padà sójú fèrèsé tí bàbá yarí. Ó ní òun àti ìyàwó òun ṣì ń jiyàn lọ́wọ́ lórí ẹni tó kọ́kọ́ kí ẹnì kejì nígbà èwe wọn. Nọ́ọ̀sì gbé aṣọ rẹ̀ sókè: ìbàdí òsì ti ń dúdú, ó sì gbóná.

Kò bá a jiyàn. Ìyá ló yíjú sí. "Màmá, ẹ gbé àga yín lọ sójú fèrèsé. Tí a bá tún yí wọn padà, kí ẹ̀yin náà gbé e padà."

Ìyá gbé àga, ó ń kùn pé aláìsàn dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́, òun tára òun le ni wọ́n ń dà láàmú káàkiri yàrá. Bàbá ní kó rọra, kó má fi àga gbá bẹ́ẹ̀dì, kó sì ṣe kíá, torí ọ̀rọ̀ òun ò tíì tán.