Òrí Inú Giramafóònù

Mo kéré nígbà yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú mi kò fọ́, etí mi kò sì di. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tí n kì í sọ̀rọ̀ àbúrò bàbá mi sí rere, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ ọ lónìí.

Kàbà la wà, òyìnbó kò tíì lọ. Bàbá mi ti ṣiṣẹ́ kùsà ní Jọ́ọ̀sì rí, ibẹ̀ ló ti ra giramafóònù bọ̀: àpótí pákó kan tí à ń fi ọwọ́ irin yí kí àwo orí rẹ̀ tó lè kọrin. Nígbà tí bàbá mi kú, àbúrò rẹ̀ gbé e lọ, ó ní ogún òun ni. Opó ni ìyá mi. Ta ni yóò gbọ́ tirẹ̀?

Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún yẹn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin yìí kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ pé kí wọ́n wá gbọ́ orin. Ó yí irin títí, àwo bẹ̀rẹ̀ sí í fa ohùn bí ẹni tí oorun ń kùn, ó dákẹ́. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Ìtìjú yẹn ló gbé wá bá wa. Ó ní ìyá mi ti yọ nǹkan inú rẹ̀ pamọ́. Olè ló pè é, lójú gbogbo agbo ilé! Ó tú òfì tí ìyá mi fi ń hun aṣọ, ó kó àwọn igi rẹ̀ lọ, ó ní ọjọ́ tó bá dá ohun tó jí padà ni yóò rí wọn. Òfì yẹn là ń jẹ o. Òun ló gbé mi dé ilé ìwé.

Ìyá mi kò sunkún. Ó ní kí wọ́n gbé àpótí náà wá kí òun wò ó.

"Ìwọ ahunṣọ, kí lo mọ̀ nínú ẹ̀rọ?"

"Bí n kò bá rí i tún ṣe, ẹ máa mú òfì náà lọ pátápátá."



Ó pààrọ̀ abẹ́rẹ́ tó ń tẹ orí àwo, kò kọrin. Ó nu àwo, kò kọrin. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń yí irin fún un rí i pé láàárọ̀, irin a le koko. Lọ́sàn-án, tí oòrùn bá ti ta sí àpótí náà, àwo a kọrin dáadáa. Mo sọ fún un. Ó wò mí, ó wo igbá òrí tí a fi ń para, tí ọyẹ́ ti mú kó dì gbagidi, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

Ó tú ìdí àpótí. Òrí ló kún inú rẹ̀! Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ni bàbá mi máa ń fi sí i. Àbúrò rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ ki òrí bọ̀ ọ́, nítorí nílé wa, ohunkóhun tó bá ń dún, ìbáà ṣe ilẹ̀kùn, ìbáà ṣe orúnkún àgbà, òrí la fi ń pa á.

Ìyá mi fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ó tọrọ òróró lọ́wọ́ télọ̀. Láàárọ̀ kùtù, nínú ọyẹ́, ó gbé e lọ síwájú àwọn ọ̀rẹ́ ọ̀hún, ó kí wọn, "Okun o," ó yí irin. Orin gba àdúgbò. Àbúrò bàbá mi ní òun ti mọ̀ pé kò le. Ó dá igi òfì padà, ọ̀kan ti kán. Ẹnu tó fi pè é ní olè, kò fi bẹ̀ ẹ́ títí ó fi kú.

Ayé ti yí. Ìka kan lẹ fi ń pe orin báyìí, bí fóònù bá bàjẹ́, ẹ ó sọ ọ́ nù, ẹni kan kì í wo inú rẹ̀. Bí èèyàn bá wọlé opó lónìí láti kó ẹrù rẹ̀, ó lè pe ọlọ́pàá. Èyí dùn mọ́ mi nínú.

Mo ti dàgbà kí ọkùnrin yẹn tó kú, nígbà ọyẹ́ mìíràn. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbé giramafóònù wá bá mi, pé kí n tún un ṣe kó lè kọrin láàárọ̀ ìsìnkú. Mo ní kò burú. Mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ tónítóní. Lẹ́yìn náà ni mo nawọ́ mú igbá òrí.